Tíkẹ́ẹ̀tì sí Ọjọ́ Ìbí

Lápá ibi tí à ń gbé yìí, láti Ìbàfò dé Mówè, orí WhatsApp ni ìpè sí ọjọ́ ìbí ọmọ ń gbà wọlé báyìí. Àwòrán kan á kàn já bọ́ sórí gúrúùpù àwọn òbí: ọmọ ti dé adé, ó fọwọ́ lé ìbàdí, Elsa inú fíìmù Frozen dúró tì í lápá ọ̀tún, yìnyín ń bọ́ lé àwọn méjèèjì lórí. Yìnyín, ní Ìbàfò, níbi tí a ti ń fi ìdérí kúlà fẹ́ ara wa lóru nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo òbí inú gúrúùpù á ti fi àtẹ́wọ́ àti ọkàn pupa sí abẹ́ rẹ̀. Tí ọjọ́ bá wá pé, díẹ̀ ni yóò yọjú, àwọn tó sì yọjú yẹn, ẹ bi ìyá ọmọ wò: àwọn tó tún fi fóònù bẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Mi ò bá àwọn tó ń ṣe àwòrán yẹn jà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà àti dátà wá oúnjẹ òòjọ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì mọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìpè tó bá lọ bá gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun gan-an ni wọ́n ń pè. Kálukú á ní àwọn yòókù á kúkú lọ. Ìgbà tí ọmọkùnrin mi fẹ́ pé ọdún méje, tí a jókòó nílé fọwọ́ ara wa ṣe ìwé ìpè (IV) rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi dáadáa.

Ọkọ̀ ojú irin ló ní òun fẹ́. Spider-Man ni mo ti ń retí, torí òun ló wà lára báàgì rẹ̀, lára ìgò omi rẹ̀, àti lára ṣòkòtò tó fi ń sùn. Ṣùgbọ́n Ìfọ̀ ni ọmọ yìí ti máa ń lo ìsinmi. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi ń gbé, ilé wọn ò sì jìnnà sí ojú irin àtijọ́. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé Mówè àti Ìfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, èkejì ní ìwọ̀ oòrùn, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ló sì ni wọ́n. Síbẹ̀, èmi tí mò ń wọ mọ́tò èrò láti Mówè, mo ní láti kọ́kọ́ wọ Èkó ná, kí n gba Berger, kí n tún gba Sángo, kí n tó já sí Ìfọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà nílẹ̀ wa, kó wá bá mi rin ìrìn yẹn lọ́jọ́ kan.

Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin àtijọ́ yẹn láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ó ti wọ Ìbàdàn. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀ka tó lọ sí Ìlaró ti yà, tí wọ́n fi ń pe ibùdókọ̀ náà ní Ifo Junction. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Èyí náà ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, tí wọ́n fi sọrí Yẹmí Òṣínbàjò, àti òmíràn ní Papalanto tí wọ́n fi sọrí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọmọ mi ti rí ọ̀nà irin méjèèjì. Òun ló sọ fún mi pé àárín irin tuntun fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo ní irọ́ ni, pé irin ni irin ń jẹ́. Òun ló jàre: mìlímítà 1,067 ni ti àtijọ́, 1,435 ni ti tuntun. Ọmọ tó ti la ojú sílẹ̀ tó báyìí, kí lèmi tún fẹ́ fi Spider-Man sọ fún un?

Bàbá rẹ̀ ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Rélùwéè kọ́ ló kọ̀, ìwé afọwọ́ṣe ni kò bá a lára mu. "Wọ́n á ní owó ló tán lọ́wọ́ wa." Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lójú tiwa, káàdì tó ń dán ni àpọ́nlé. Láti ayé àwọn Sàró Èkó ni káàdì tí a tẹ̀ ti di àmì pé ẹni tó pè ọ́ rí já jẹ, títí dòní la sì ń tẹ orúkọ olórí ẹbí, orúkọ alága ọjọ́ náà àti orúkọ àwọn ìyá ọjọ́ sórí káàdì ìgbéyàwó títí tí àyè ò fi ní kù fún orúkọ ìyàwó fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ni gbogbo wa sì ń sáré gbé e lọ. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Abẹ́òkúta, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa níbí, ni míṣọ́nnárì òyìnbó Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti 1859, kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ Ṣómólú. Mo ní kí baálé mi fọkàn balẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni alága ọjọ́ tiwa, kò sì ní dìde kéde pé òun fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló là wá lóye lórí bí ìwé náà ṣe máa rí. A lọ kí wọn, ọmọ sì ti ń rò fún wọn kí n tó kúnlẹ̀ tán.

"Ọkọ mi, ṣé rélùwéè lo fẹ́ ṣe? Tíkẹ́ẹ̀tì ni kó o ṣe fún wọn. Ta ló ń wọ rélùwéè láì ní tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Màámi, báwo ni ti àtijọ́ yẹn ṣe rí?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n na àtàǹpàkò wọn sókè. "Kò ju èyí lọ púpọ̀. Páálí ni, ó sì le. Gáàdì á gbà á lọ́wọ́ ẹ, á lù ú, á dá a padà fún ẹ. Mo ń kó gààrí lọ sí Ìdó nígbà yẹn, abẹ́ ìró ni mo máa ń so ó mọ́. Tó o bá sọ ọ́ nù, o gbé!"

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Thomas Edmondson ló dá irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1830. Àga àti tábìlì ló ń kàn tẹ́lẹ̀. Òwò náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá lọ gba iṣẹ́ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ó sú u. Ó wá ṣe páálí kékeré tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tó ti ní nọ́ńbà, mìlímítà 57 ní gígùn, 31 ní ìbú, ayé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ọdún 1990 ni àwọn rélùwéè Bìrìtéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á tì. Ẹ wá wo àwa tí à ń fi ọwọ́ kọ ohun tí Edmondson ṣe kí ọwọ́ lè sinmi.

Páálí kọnfíléèkì la lò. Ojú rẹ̀ tó ní àwòrán àkùkọ ò wúlò fún wa. Inú rẹ̀ ló ní àwọ̀ eérú tó jọ ti tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fi rúlà fa ìlà, mo fi àlùmágàjí gé e tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, torí ọmọ tó ń kọ̀wé gàdàgbà-gàdàgbà ò lè kọ orúkọ ènìyàn sórí mìlímítà 31. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló wá kù. Ọmọ yà á títí, kò rí roboto. Ìgbà náà ni mo rántí ilá. Ilá tó ti kó ni kí ẹ wá, èyí tí kò ṣe é jẹ mọ́, nítorí èyí tó tutù á yọ̀, á sì fa gbogbo ìwé bàjẹ́. Ẹ gé e ní ìbú, ẹ ó rí ojú rẹ̀: ihò márùn-ún tó yí ara wọn ká, pẹ̀lú ọ̀pá tó là wọ́n láàárín, bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin gẹ́lẹ́. Mo po búlúù ìfọṣọ mọ́ sítáàṣì gbígbóná díẹ̀ kó má baà ṣàn, mo dà á sórí kàǹrìnkàn inú àwo pẹrẹsẹ. Ọmọ ń ti ilá bọ inú rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń jáde ní méjì-méjì. Bó bá ti di ìgbà díẹ̀, ojú ilá náà á rọ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjú, a ó fi ọ̀bẹ yọ pẹ́lẹ́bẹ́ kan kúrò, ojú tuntun á yọ.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Èmi ni mò ń gé, òun ni ó ń tẹ̀, nígbà tí mo sì bá a tẹ ọ̀kan, ó wò ó, ó gbé e sọ́tọ̀, ó ní ti Dádì nìyẹn.

A kọ ọ́ ní Yorùbá. Láti: ilé yín. Sí: ọjọ́ ìbí mi. Ọkọ̀ á gbéra ní aago méjì. Kíláàsì kìíní. Òun ló fi ti kíláàsì sí i nígbà tí ìyá àgbà sọ fún un pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí olówó ń jókòó sí nínú rélùwéè, ọ̀tọ̀ ni ti mẹ̀kúnnù. Ó ní gbogbo èrò tòun ni yóò wà ní kíláàsì kìíní. Mi ò bá a jiyàn.

Orúkọ ló wá kù láti kọ, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Lórí WhatsApp, ẹnikẹ́ni kì í yan ẹnikẹ́ni. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní láti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan, tí ọwọ́ sì ń ro ó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Lẹ́yìn orúkọ bíi mélòó kan, ọmọ mi gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹni yìí kì í tiẹ̀ bá mi ṣeré." Èmi ni mo fi orúkọ ọmọ náà sí i. Ìyá rẹ̀ pè wá sí tiwọn lọ́dún tó kọjá, mo sì fẹ́ san án padà. Ìdí àgbàlagbà nìyẹn. Òun fi ọmọ ìyá alákàrà tó wà ní ìkóríta sí i, àti ọmọkùnrin kan tó wà lọ́dọ̀ fọkanáísà, tó máa ń fún un ní rọ́bà táyà láti fi ṣe kátápọ́ọ̀tù. Mi ò mọ̀ pé ó lọ́rẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà. Ká ní mo lọ tẹ káàdì ni, ibo ni mi ò bá ti gbọ́?

Ọmọbìnrin kan tún wà ní òpópónà kejì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Calabar. Nígbà tó kan tirẹ̀, ọmọ mi bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ, ìlú ni. Ó ní kí wá ni orúkọ rẹ̀? Èmi náà ò mọ̀. Ẹni tí a jọ ń pọn omi níbi bọrahóòlù kan náà, tó máa ń kí mi káàárọ̀ ní Yorùbá tó já gaara. Ọmọ mi jáde lọ bi í. Ó padà wá pẹ̀lú orúkọ náà, ó kọ ọ́ pé pérépéré, láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń fi pè é.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìlú bíi tiwa. Ìlú àwọn tó kó wá ni Mówè ti dà báyìí, ìyẹn tí a bá yọ àwọn onílẹ̀ sílẹ̀. Owó ilé ló lé àwọn kan wá láti Mushin, láti Agége, láti Kẹtu. Àwọn mìíràn kó wá nítorí kí wọ́n lè súnmọ́ Ìpàgọ́ Ìràpadà ti ìjọ Redeemed, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló pọ́n wọn lójú, tí wọ́n rí i rà. Kálukú ti mọ géètì tirẹ̀. A mọ mọ́tò aládùúgbò, a ò mọ olúwarẹ̀.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ la fi pín tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn òjò, èmi àti ọmọ rìn kiri Pákúró tí à ń gbé, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ àwa méjèèjì, torí ẹrẹ̀ àdúgbò wa kì í ṣe ti bàtà aláwọ. A ó kan géètì, ajá á gbó, ẹnì kan á béèrè ta nìyẹn, ọmọ á sì dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ni mo mú wá." Kò sí géètì tí kò ṣí fún ọ̀rọ̀ yẹn. Alhája kan tí mo ti ń rí mọ́tò wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ gba ti ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní irú èyí làwọn fi wọ rélùwéè lọ sí Kano lọ́dọ̀ ọkọ àwọn. Àga la gbà jókòó. Mineral la mu. A ò tètè kúrò níbẹ̀.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ìpè tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ń ṣí géètì. Àwọn Ìjẹ̀bú, aládùúgbò wa níbí, ti ń pàrokò ránṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí káàdì tó dé. Ní àwọn ọdún 1880, G. W. Bloxam kó díẹ̀ nínú rẹ̀ hàn fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: owó ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn, tí bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe kọjú síra ń sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ti mọ̀ pé ọkàn ẹnì kan fà sí òun. Ohun tó wù mí jù nínú àrokò ni pé ẹnì kan ló dì í, ẹnì kan ló rù ú, ẹnì kan ló tú u. Kò sí èyí tí wọ́n ju sáàárín ọjà kí ẹni tó bá wù ú ṣà á.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n wá, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Baálé mi, òun tó ń sọ pé wọ́n á ní owó tán, ló dé fìlà gáàdì, tó dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń lu ìwé ní ihò, tó ń lu ti kálukú. A to àga ní méjì-méjì bí ti inú ọkọ̀. Ọmọ fọkanáísà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ kankan. Ìrẹsì, kéèkì, ariwo. Ẹ mọ ìyókù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ nílé, mo ráyè jókòó ti ilá àti búlúù. Obìnrin tó ń jí jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀ láti Ìbàfò kí gosiló má baà ká a mọ́, tó ń padà wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn, kí n máa wá sọ fún un pé WhatsApp ò dáa, àgàbàgebè ni mò ń ṣe. Kó fi WhatsApp pè wá, a ó lọ. Àwọn tí mo bínú sí ni àwọn tó ti sọ ìwé afọwọ́ṣe di fàájì olówó: wọ́n á ra páálí òkè òkun, ríbọ́ọ̀nù, àti ohun tó ń kọ mànàmànà, wọ́n á sì gba ẹlòmíràn kó wá ṣe é, owó rẹ̀ á ju ti Ṣómólú lọ, ọmọ ò sì ní fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n kúkú lọ tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má ṣe ju ìwọ̀nba tí ọwọ́ ọmọ lè kọ lọ, kó sì jẹ́ ọmọ ló yan orúkọ. Ẹ ṣe é sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, nítorí búlúù kì í tètè gbẹ nígbà òjò. Nọ́ńbà ilé ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, nítorí náà ẹ kọ ibi tí ọ̀nà ti yà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ àwọ̀ géètì, ẹ sì kọ aago tí àwọn òbí á wá kó ọmọ wọn. Bí ọjọ́ ìbí náà bá sì bọ́ sí oṣù kẹjọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀sẹ̀ tí àpéjọ ọdọọdún Ìpàgọ́ Ìràpadà bọ́ sí kí ẹ tó kọ déètì sórí páálí. Lọ́sẹ̀ yẹn, mọ́tò kì í rìn lójú ọ̀nà márosẹ̀, àlejò yín tó ń bọ̀ láti Ìbàfò sì lè wà lójú ọ̀nà títí kéèkì á fi tán.